Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Sọ Sájẹ́ńtì Lórúkọ

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fẹ́ sọ lórúkọ. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ jòjòló ni mo ń sọ. Ọkùnrin tó ń bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọ ilé, tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó jẹ́ sájẹ́ńtì nínú iṣẹ́ ológun, tí àwọn ọ̀gá ńlá fi àmì ẹ̀yẹ akọni kọ́ láyà ní Àbújá lójú gbogbo ayé, òun ni àwọn ará Ìsàn fẹ́ fi iyọ̀ àti oyin tọ́ lẹ́nu bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n ti ra orógbó. Wọ́n ti ta àtíbàbà. Wọ́n tilẹ̀ ti wá aṣọ funfun tí ìyá ìkókó máa dà borí. Èmi ni ìyá ìkókó.

Adéwùnmí lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Jídé ni gbogbo Ifisin ń pè mí, nítorí Babájídé nìkan ni mo bí. Mi ò lọ́kọ. Mo sọ ìyẹn náà kí ó má di pé ẹlòmíì máa bá mi sọ ọ́.

Ọdún 1968 ni wọ́n gbé Tíṣà Adérẹ̀mí wá sí ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ní Ifisin. Ará Ìsàn ni. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, aṣọ rẹ̀ kì í rún, òun ló sì máa ń ka Bíbélì lọ́jọ́ ìsinmi. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé àwọn àgbà obìnrin a máa mi orí. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí oyún dé, ẹ̀gbọ́n mi Jacob mú mi lọ sí Ìsàn, kí a lọ fi oyún han àwọn tó ni ín, bí wọ́n ṣe ń ṣe. Iṣẹ́ akọpẹ ni Jacob ń ṣe. Òun ló ń fi igbà gun ọ̀pẹ fún ìdajì àwọn tó ń fún epo nílùú wa. Ó wọ aṣọ tó dára jù lọ tó ní, ó sì gbé kèǹgbè ẹmu kan dání. Tíṣà jókòó láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní òun kò mọ̀ mí ju ọmọbìnrin tó ń pọnmi fún àwọn olùkọ́ lọ. Wọn kò fún wa lómi mu. Bí a ṣe ń jáde, ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. Mo ṣì mọ ohùn ẹ̀rín yẹn dòní.

Mo bímọ. A retí wọn lọ́jọ́ kẹjọ, nítorí Jacob ti ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Oòrùn dé àtàrí, ẹnikẹ́ni kò yọjú. Jacob bá gbé abọ́ omi fúnra rẹ̀, ó fi iyọ̀ tọ́ ọmọ lẹ́nu, ó sì sọ ọ́ ní Babájídé nítorí pé oṣù mẹ́ta ṣáájú ni bàbá wa kú. Nígbà tí ọmọ tó ilé-ìwé lọ, wọ́n bèèrè orúkọ bàbá, Jacob ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀. Babájídé Jacob. Orúkọ yẹn ló wà lára gbogbo ìwé rẹ̀, òun ló gbé wọ iṣẹ́ ológun, òun náà ni wọ́n fín sẹ́yìn àmì ẹ̀yẹ tó gbà.

Ohun tí mò ń jà fún nìyẹn. Mi ò jà fún oúnjẹ, mi ò jà fún ipò. Mò ń jà kí ẹnikẹ́ni má ha orúkọ ẹ̀gbọ́n mi kúrò lára ọmọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọmọ tó jẹ́. Ó pé ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí igbà já mọ́ Jacob lókè ọ̀pẹ. Àwọn méjì péré ló wà lóko. Jídé gbé e pọ̀n láti inú igbó dé ojú títì, ó tó máìlì méjì, ó sì bá a dé ọsibítù ní Ìdó. Láti ọjọ́ náà ni Jacob ti ń tiro, kò sì gun ọ̀pẹ mọ́, igbà ló ń hun fún àwọn tó ń gùn. Nítorí náà, nígbà tí rédíò sọ pé Sájẹ́ńtì Babájídé Jacob pọn àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ kọjá afárá kan ní Sàró, èèyàn márùn-ún, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń yìnbọn lù ú, tí ọta bà á léjìká bó ṣe ń gbé ẹnì kẹrin, tó sì tún padà lọ gbé ẹnì karùn-ún, ẹnu ya gbogbo ayé. Kò ya àwa. A mọ ẹni tó kọ́kọ́ pọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí àwòrán rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn, takisí kan dúró níwájú ilé wa. Fọláṣadé ló sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n Tíṣà obìnrin. Ogún iṣu ló dì sẹ́yìn ọkọ̀. Ó kúnlẹ̀ fún mi, obìnrin tó jù mí lọ, ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀.

"Ìyá Jídé, ọmọ ti di gbajúmọ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká gbàgbé èyí tó ti kọjá."

"Ta ni kó gbàgbé?" mo ní. "Ṣé ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín ni, àbí èmi tí mo gbọ́ ọ?"

Mo ní kó gbé iṣu rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Kò gbé e. Iṣu náà wà níbẹ̀ títí ewúrẹ́ fi jẹ ẹ́ tán, mi ò fọwọ́ kan ọ̀kan.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé Tíṣà ti kọ lẹ́tà sí ọmọ fúnra rẹ̀ ní bárékè. Mi ò mọ̀ pé ọmọ ti fèsì. Ọjọ́ tí mo mọ̀ ni ọjọ́ tí ẹnì kan gbé ìwé ètò ìsìn ìdúpẹ́ wá láti Ìsàn, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, tí àwòrán ọmọ mi wà níwájú rẹ̀ nínú aṣọ ológun. Mo fún Wálé, àkọ́bí Jacob, kó kà á fún mi. Wọ́n kọ ọ́ pé: Sájẹ́ńtì Babájídé Adérẹ̀mí, ọmọ bíbí Ìsàn-Èkìtì. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà, Adérẹ̀mí náà ni.

Ọjọ́ Àìkú ni ìsìn náà. Ṣùgbọ́n olórí ẹbí wọn, bàbá arúgbó kan tí kò fẹ́ kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín, ti ní òun kò ní jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n máa pe ẹni tí àwọn kò sọ lórúkọ ní ọmọ àwọn. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ohun tí wọn kò ṣe lọ́jọ́ kẹjọ. Bí ìsọmọlórúkọ ṣe bọ́ sí àárọ̀ ọjọ́ Sátidé nìyẹn. Nínú gbogbo wọn, bàbá yẹn nìkan ni mo rí tó nítìjú.

Jídé dé lọ́jọ́bọ̀. Kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tí mo ti ju ìwé náà lù ú láyà.

"Ṣé o mọ̀ sí èyí?"

"Mo mọ̀ sí i, Màmá."

"O sì gbà?"

"Mo gbà."

Ohun tí mo sọ fún un lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní tún gbogbo rẹ̀ sọ níbí. Mo ní ó ti ta wá. Mo ní ó rí agbádá Tíṣà, ó gbàgbé ẹni tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ jìn torí owó ilé-ìwé rẹ̀. Mo ní ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti jù ú sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wọn lọ́jọ́ tí mo bí i. Ó dúró, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó wà níwájú ọ̀gá rẹ̀. Bó ṣe dúró yẹn tún mú kí orí mi gbóná sí i.

Jacob jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó ń hun igbà. "Fi ọmọ sílẹ̀," ó ní. "Ó ti dàgbà."

Mo yíjú sí i. "Bàbá Wálé, ṣé ẹ̀jẹ̀ ò sí lára ẹ ni? Orúkọ rẹ ni wọ́n fẹ́ pa rẹ́. Unú ò tilẹ̀ bí ọ?"

"Bó bá bí mi, kí ni mo fẹ́ ṣe?" ó ní. "Kèé ṣe èmi ni mo bí i."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀ lọ́la. Mo bínú sí i ju Tíṣà lọ lọ́jọ́ náà. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ ní Ìsàn. Ọjọ́ méjì ni mo fi tò ó. Kò sí nǹkan kan tí mo fò.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, èmi àti Jídé wọ takisí kan náà, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀. Jacob lóun ń bọ̀ lẹ́yìn. Mi ò tilẹ̀ gbà á gbọ́, torí ẹnikẹ́ni ò fìwé pè é.

Èrò ti pé. Wọ́n to àga yí àtíbàbà ká, wọ́n sì gbé tábìlì kékeré sáàárín, omi, iyọ̀, oyin, obì, orógbó àti ataare wà lórí rẹ̀ nínú àwo tanganran. Wọ́n fi èmi àti Jídé jókòó lórí àga méjì níwájú. Obìnrin kan mú aṣọ funfun wá, ó fẹ́ dà á bò mí lórí. Mo wò ó títí ó fi ká a padà. Ọmọ mi wọ aṣọ ológun rẹ̀, àmì ẹ̀yẹ wà láyà rẹ̀, ó jókòó gan-an bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ ya ènìyàn ní fọ́tò. Àwọn ọmọdé ń wo àmì náà. Àwọn àgbà náà ń wò ó.

Olórí ẹbí dìde, ó gbé abọ́ omi lọ́wọ́. Omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Ọmọ tí a kò sọ lórúkọ nínú ulé, kèé ṣe ọmọ ulé," ó ní. "A ti pẹ́, ṣùgbọ́n a ti dé. Ta ló ni ọmọ yìí?"

Tíṣà Adérẹ̀mí dìde. Ó ti sanra. Agbádá rẹ̀ tó ta àtíbàbà. Ohùn rẹ̀ tó ń dùn nígbà yẹn ṣì ń dùn, Ọlọ́run má ṣe dárí jì mí bí mo bá purọ́.

"Èmi ni mo ni ín," ó ní.

Mo dìde.

Mo ní kí gbogbo èèyàn gbọ́. Mo sọ ọjọ́ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wá sí agbo ilé yẹn gan-an, mo sì na ìka sí ibi tí wọ́n ní ká dúró sí. Mo sọ ohun tí ó wí. Mo sọ ti ọjọ́ kẹjọ, omi tó wà nínú abọ́ títí oòrùn fi dé àtàrí. Mo sọ ti ìgbóná tó mú ọmọ lọ́dún kẹta, ti ilé-ìwé, ti ọ̀pẹ tí ẹ̀gbọ́n mi jábọ́ lórí rẹ̀. Ohùn mi kò gbọ̀n. Àwọn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ háà. Fọláṣadé ń wo ilẹ̀.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" olórí ẹbí bi Tíṣà.

Tíṣà nu ojú rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ìgbà èwe ni. Ẹ̀rù ló bà mí, iṣẹ́ mi ì bá bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run tipẹ́."

"Ọlọ́run ló gbé oyún ọ̀hún bí?" mo ní.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi, mi ò purọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń retí kí wọ́n rẹ́rìn-ín lágbo ilé yẹn, kó má jẹ́ èmi ni wọ́n fi ń rín. Ká ní mo jókòó nígbà yẹn, ǹ bá ti borí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì ni mo tò, kò tíì tán.

"Òkú lẹ̀ ń wò yìí," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Nígbà tí ọmọ yìí pé ọdún mẹ́fà, ó bi mí pé níbo ni bàbá òun wà. Mo ní ó ti kú. Mo ní ukú ló pa á kí o tó dé ayé, má tún bi mí mọ́. Kò sì bi mí mọ́. Bí mo ṣe sin ín nìyẹn. Ẹ gbé iyọ̀ yín padà, òkú kèé sọ ọmọ lórúkọ."

Mo fẹ́ jókòó. Jídé di ọwọ́ mi mú.

"Màmá," ó ní, "ẹ̀ ń bínú láti ọjọ́bọ̀ pé mo gbà láti wá. Ẹ ò bi mí ìdí rẹ̀."

"Kí ni ìdí rẹ̀?"

Ó dìde. Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n gbogbo abẹ́ àtíbàbà ló gbọ́.

"Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé èmi fúnra mi ni mo sáré lọ sórí afárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. A sá pa mọ́ sẹ́yìn ògiri kan, àwa mẹ́tàdínlógún. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ wà lódì kejì, a ń gbọ́ igbe wọn. Ọ̀gá wa ní ẹni tó bá lọ, ó ṣeé ṣe kó má padà. Ó ní ó ti sú òun láti máa kọ lẹ́tà sí bàbá àwọn èèyàn. Ó wá ní kí ẹni tí kò níyàwó, tí kò lọ́mọ, tí kò sì ní bàbá, bọ́ síwájú." Ó mí. "Àwọn yòókù ń wo ara wọn. Gbogbo wọn ló ní ọ̀kan nínú mẹ́ta. Èmi ò ní ìkankan. Mo bọ́ síwájú."

Ó fọwọ́ kan àmì ẹ̀yẹ tó wà láyà rẹ̀.

"Wọ́n ń pè é ní ìgboyà. Wọ́n bèèrè ọ̀rọ̀ ni, mo dáhùn. Nígbà tí mo wà lọ́sibítù, wọ́n ní n kọ orúkọ bàbá mi sínú fọ́ọ̀mù, mo kọ ọ́ pé ó ti kú. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni mo gba lẹ́tà lọ́wọ́ òkú." Ó wo Tíṣà fún ìgbà àkọ́kọ́. "Mi ò wá síbí torí orúkọ yín, sà. Mi ò wá torí agbádá. Mo fẹ́ rí ojú ẹni tí mo sọ pé mi ò ní lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó ohun tí èèyàn lè torí rẹ̀ dúró sẹ́yìn ògiri."

Tíṣà jókòó láìmọ̀ pé òun jókòó.

Inú ṣì ń bí mi. Mo fẹ́ sọ pé kò sí ìyá tó mọ ìbéèrè tí ọ̀gá ológun máa bi ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Mo fẹ́ sọ pé Tíṣà ló fà á. Gbogbo rẹ̀ ti wà lẹ́nu mi. Mo ń ronú èyí tí mo máa kọ́kọ́ sọ nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan pe orúkọ ọmọ náà láti ẹ̀yìn.

"Jídé."

Jacob ni. Mi ò mọ ìgbà tó dé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó àtíbàbà, ó fi ara ti ọ̀pá rẹ̀, aṣọ tó wọ̀ ni aṣọ tó máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde. Eruku ọ̀kadà ti bo bàtà rẹ̀.

"Bàbá Wálé," ni Jídé dá a lóhùn.

"Ọ̀gá rẹ ní kí ẹni tí kò ní bàbá jáde."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi ńkọ́?"

Kò pariwo. Ó bèèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ nítòótọ́. Jídé yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò lè wo Jacob. Ojú mi ló wò, bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n bi ní ohun tí olùkọ́ rẹ̀ kò kọ́ ọ.

Olórí ẹbí ṣì dúró pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́. Ó bi mí pé ṣé kí àwọn máa bá a lọ tàbí kí àwọn dá a dúró. Ohun tí mò ń rí ni ọmọ kékeré kan tó sáré láti ilé-ìwé wá pàdé ẹ̀gbọ́n mi nídìí ọ̀pẹ, tó ń pariwo pé "Bàbá, Bàbá," tí inú ẹ̀gbọ́n mi sì dùn tó fi gbé e sọ sókè. Èmi ni mo fà á wọlé tí mo sì nà án, kí àwọn ará ìlú má baà sọ pé mo gbé ọmọ mi lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Mo ní Bàbá Wálé ni kó máa pè é, bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo nà án kó tó gbọ́.